Aago Tí Kò Mọ̀ Pé Iná Ti Lọ

Kí bàbá wa tó sùn, wọ́n á kọ́kọ́ rìn yí ilé ká,
láìwọ bàtà, kí ọmọ má baà jí.
Ṣùgbọ́n a kì í sùn. Orí ẹní la ti ń kà á:
tá, ìdí tẹlifíṣọ̀n;
tá, ìdí fáànù pálọ̀;
wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, wọ́n á wúkọ́ sínú ọwọ́,
tá, ìdí fíríìjì tí kò ní ju omi àti àjẹkù ẹ̀wà lọ.
Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n
bí ẹni ń wò bóyá ibà ti fi ọmọ sílẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi ṣiṣẹ́
ní ibùdó rélùwéè Òṣogbo,
tí wọ́n ń fi àtùpà bá irin sọ̀rọ̀:
àwọ̀ ewé, máa bọ̀; pupa, dúró.
Ìdí nìyẹn tí ojú pupa kékeré abẹ́ tẹlifíṣọ̀n
kò fi jẹ́ kí wọ́n sinmi.
"Pupa nìyí. Ta ló wá ń dúró de ta lóru?
Ẹ̀rọ tó lajú sílẹ̀ kò sùn. Owó wa ló ń jẹ."

Ọdún tí wọ́n kú, Mùtíù àbúrò mi,
ẹni tó ń wáyà ilé ní Òkè-Fíà,
mú aago kan wá fún ìyá wa ní Alẹ́kúwodò.
Funfun ni, kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ,
eyín wẹ́wẹ́ yí etí rẹ̀ ká.
"Tó bá ti di agogo mọ́kànlá alẹ́, á pa gbogbo ẹ̀ fúnra ẹ̀.
Ẹ fi orúnkún yín sílẹ̀ kó sinmi."

Lóòótọ́, agogo mọ́kànlá lù:
tá.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.
Ilé dákẹ́ bí kíláàsì tí tíṣà já wọ̀ lójijì.
Ìyá wa jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ní,
"Èyí mà yára o.
Ẹni tó ń pa iná a máa mí láàárín."

Aago náà kò mọ irú ìlú tó wà.
Bí wọ́n bá mú iná lọ fún wákàtí mẹ́ta,
òun náà á dúró fún wákàtí mẹ́ta;
bí wọ́n bá dá a padà, á máa bá tiẹ̀ lọ
bí èrò tó sùn nínú rélùwéè, tó jí ní Ìkìrun,
tó ń bèèrè bóyá a ti dé Ẹ̀dẹ.
Kí oṣù kẹta tó parí,
agogo méjì ọ̀sán ló ń pa ilé.
Jímọ̀ kan, ìyá wa ń lọ ìbòrí wọn lọ́wọ́,
áyọ́ọ̀nù tutù mọ́ aṣọ.
Tó bá wá di òru, gbogbo ẹ̀rọ á wà lójúfò
títí ìrun Àsùbáà.

Mùtíù ní òun á mú òmíràn wá,
èyí tó ní bátìrì nínú, tó ń gbọ́ràn sí fóònù lẹ́nu.
Ìyá ní kó fi owó rẹ̀ ra bàtà fún ọmọ rẹ̀.

Lánàá, mo sùn lọ́dọ̀ wọn.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, láìní bàtà.
Tá. Ìdí fáànù.
Orúnkún dún. Ìyá mí.
Tá. Ìdí fíríìjì.
Mi ò dìde. Mo fi aṣọ bo ẹnu.
Wọ́n dé iwájú tẹlifíṣọ̀n,
wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn,
wọ́n dúró pẹ́.
Ojú pupa yẹn nìkan ló kù nínú ilé.
Wọn ò pa á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, yúníìtì méjì àbọ̀ ló kù lórí mítà.
Mùtíù ń kùn lórí fóònù, ó ní ta ló jẹ iná.
Mo ní èmi ni.
Mo sì ra káàdì.